Mọ́ríìsì Onípákó Bàbá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun oríṣiríṣi mọ́tò lónìí, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ti Mọ́ríìsì fún yín. Kí òmìnira tó dé, mọ́tò ilé kò tó mẹ́wàá ní àdúgbò wa l'Ẹ́dẹ, Mọ́ríìsì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kékeré ni, ó rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i tó ru ènìyàn méje pẹ̀lú àpò ẹ̀wà, tó sì gun òkè tí lọ́rì kọ̀. Bí kò bá fẹ́ jí láàárọ̀ ọyẹ́, wọn a ti irin bọ̀ ọ́ níwájú, wọn a yí i lẹ́ẹ̀mejì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló máa ń rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Rárá o. Ọ̀kan ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan ní mẹ́rin. Òmíràn wà tó jẹ́ pé aṣọ ni òrùlé rẹ̀, tí wọ́n ń ká sẹ́yìn bí ẹní. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn tó ń kẹ́rù ló ni ín.

Ti bàbá mi yàtọ̀. Tíṣà ni wọ́n, ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé ni wọ́n sì ti rà á. Láti ìdajì dé ẹ̀yìn, igi ni wọ́n fi kàn án, igi gidi tó ń dán, gíláàsì sì wà láàárín rẹ̀. Ní ìdí rẹ̀, ilẹ̀kùn méjì ló ń ṣí sọ́tùn-ún sósì bí ilẹ̀kùn ilé. Lọ́jọ́ tó dé, télọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà pariwo:

“Tíṣà, ẹ kú oríire o! Ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀, ṣé kò ní hu ewé?”

“Bó bá hu ewé, ẹ gbé ìkòkò wá, ẹ já a sè!”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Bẹ́ẹ̀, nítorí wọn gan-an la ṣe ra mọ́tò. Àbúrò wọn kan ṣoṣo tó kù láyé wà ní Awo, àìsàn ti dè é mọ́lẹ̀ láti ìgbà òjò. Eékún Ìyá àgbà kò gbé wọn lọ síbẹ̀ mọ́, wọn kò sì lè gun lọ́rì. Ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo ẹni tó bá ti Awo dé ń jẹ́ fún wọn: “Àbúrò yín ní òun fẹ́ rí ojú yín.”

Ìyá àgbà yí mọ́tò náà po, wọ́n fi ìka kàn án kókó.

“Pósí lẹ gbé wálé. Ta ní ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ pósí?”

“Ìyá, mọ́tò ni.”

“Mọ́tò irin ni mo mọ̀. Bí ikán ò bá jẹ èyí, inú ilẹ̀ ni wọn ó sin ín sí.”

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, a kò lọ. Ẹlòmíràn tún ti Awo dé, ó ní àbúrò náà kò jẹun dáadáa mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé kan, a gbọ́ igbe bàbá mi. A sáré jáde. Ìyá àgbà ló jókòó sórí àpótí lẹ́yìn mọ́tò, àkísà lọ́wọ́, igbá àdín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní agbo ilé wa, bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn ìyá ló máa ń fi àdín pa gbogbo ilẹ̀kùn kí ikán má baà fẹnu kàn án. Ìyá àgbà ti pa ẹ̀gbẹ́ kan mọ́tò náà tán.

“Háà, Ìyá! Gbogbo eruku ọ̀nà Awo ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn!”

“Ṣé o ti rí ikán lára ilẹ̀kùn mi rí?”

“N ò rí i rí.”

“Ó dáa. Gba àkísà, bá mi pa òkè tí ọwọ́ mi ò tó.”

Bàbá mi wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọrùn wọn. Wọ́n gba àkísà.

Nígbà tí wọ́n parí, Ìyá àgbà fúnra wọn ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà, wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i. “Èyí ti di ilẹ̀kùn mi báyìí. Ẹ tẹ́ ẹní síbẹ̀.”

Ìjókòó iwájú tí bàbá mi nù sílẹ̀ dè wọ́n, wọn kò wò ó. Bàbá mi ká ìjókòó ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ìyá mi tẹ́ ẹní, Ìyá àgbà sì fi ìdí wọlé, nítorí ibẹ̀ kò ga ju àpótí ìjókòó lọ. Mọ́ríìsì kùn jẹ́jẹ́, ó fara da gbogbo kòtò ọ̀nà náà, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí a dé Awo, ẹnikẹ́ni kò lè rí igi mọ́. Àdín ti gba eruku, ó pọ́n, ó ki bí ara ògiri. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wa: “Ilé alámọ̀ ń rìn o!” Bàbá mi mí kanlẹ̀.

Wọ́n fi apá gbé àbúrò Ìyá àgbà jáde.

“Ẹ̀gbọ́n mi, inú kí lẹ wà yìí?”

“Inú ilé mi ni. Wọlé, àbí o fẹ́ kí n dìde kí ọ?”

Wọ́n gbé e sórí ẹní. Àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ẹ̀rín. Àbúrò náà ní kí wọ́n bu ẹ̀kọ wá fún òun, ó sì mu ún tán.

Nígbà tí bàbá mi ní ó tó àkókò láti lọ, àwọn ọmọ àbúrò náà wá gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi ilẹ̀kùn mú, àdín àti eruku kùn ún lọ́wọ́.

“Ta ló ní mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀? Ẹ lọ kó aṣọ mi wá.”

Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ wá. Bàbá mi rọra wa ọkọ̀ padà sí Ẹdẹ, àwọn arúgbó méjèèjì sì dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń jiyàn lórí ta ló fọ́ ìkòkò ìyá wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.