Apá Òsì Ọmọbìnrin Mi

Ọdún tí àwọn ọkùnrin ń tún odi ìlú mọ ni gìrì mú ọmọbìnrin mi. Ibà ló kọ́kọ́ dé, ojú rẹ̀ wá yí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì lọ́wọ́ mi. Nígbà tó lajú, mo rò pé àìsàn náà ti parí.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ó ń ká apá òsì mọ́ àyà, ó di ọwọ́ ní ìkúùkù, àtàǹpàkò sì há sínú àtẹ́lẹwọ́.

Ìyá ọkọ mi ní, "Apá yìí ti ṣẹ́. Ọmọ jábọ́ lọ́wọ́ rẹ."

Mo mọ̀ pé kò jábọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá kan ní Ìtòkú tó ń to eegun. Ó dé ti òun ti ọparun lílà àti okùn. Bí ọmọ ṣe rí i, ó figbe ta, apá náà sì le bí igi.

"Ẹ bá wa dè é," ni ìyá ọkọ mi wí.

Bàbá náà ní kí n kọ́kọ́ fún un lọ́mú. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, ó fi ìka tẹ eegun láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ọmọ kò janpata. Bàbá náà na apá ọ̀tún, ó ká a. Apá náà rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra na ti òsì, ó ń nà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe yára nà án, ó há lójijì, bí ẹni pé nǹkan dì í mú nínú.

"Eegun kò ṣẹ́. Iṣan ló ń fà á. Bí mo bá dè é, yóò gan síbẹ̀." Ó wo ìsàlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ta ló sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀? Ó yára ká orúnkún òsì, ó nà án. Òun náà há.

"Ṣé ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀?"

"Ó ti ń rìn, bàbá."

Ìyá ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ṣé yóò tún rìn?"

"N kò lè purọ́ fún yín. Ẹ máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òrí wọ́ ọ. Ẹ máa rọra nà án, ẹ má fi ipá fà á."

Láti ọjọ́ náà, ìyá ọkọ mi ló ń wẹ̀ ẹ́, wọn kò sì sọ̀rọ̀ jíjábọ́ mọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọmọ dìde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀. Lónìí ó ń fi ọwọ́ òsì di etí igbá mú. Ṣùgbọ́n bí inú bá bí i, kó tó la ẹnu, apá náà á ti ká sókè. Gbogbo ilé á ti mọ̀ pé inú ń bí i, wọn á sì yẹra fún un.