Ọ̀bọ̀kún Inú Ọparun

Òórùn ọparun tó ti pẹ́ nínú omi ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó dà bí òórùn àpò ìrẹsì tí òjò pa, tí wọ́n wá gbé lé orí ẹrẹ̀. Ara aṣọ bàbá mi ló máa ń wà. Wọn yóò ti lọ sí etí omi, wọn yóò sì ti dé kí ìyá mi tó gbé ògì kaná. Wọn yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọn yóò ní, "Àkànní, omi ti jí o," èmi náà yóò sì dìde, ojú mi á ṣì wúwo fún oorun.

Àmùwò ni ilé wa wà, lápá ibi tí àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní agbègbè yẹn lásìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn òbí wa yóò rántí bí ààlà ṣe rí. Tí ẹ bá ti Festac bọ̀, ọ̀nà ọlọ́dà yóò tán, ilé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára yóò tán, iyanrìn yóò bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà igi àgbọn, lẹ́yìn náà omi. Bàbá mi kì í ṣe apẹja. Trade Fair ni wọ́n ti ń ta bẹ́árìn ọkọ̀ láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni èbúté ìdílé wa, níbi tí a ti ń kó ẹja, wà, bó ṣe wà lọ́wọ́ bàbá tiwọn rí.

Iṣẹ́ èbúté náà kò le. A máa ń gé ọparun sí gígùn apá, a ó lu kókó inú rẹ̀ kó lè dá ihò, a ó dì wọ́n pọ̀, a ó sì so wọ́n mọ́ òpó tí a rì sínú omi. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí omi òkè bá ń ṣàn wá pàdé omi iyọ̀, ẹja ọ̀bọ̀kún yóò gòkè wá wá ibi tí yóò yé ẹyin sí. Takọtabo yóò wọ inú ọparun kan náà. Tí abo bá yé ẹyin tán, yóò bá tirẹ̀ lọ, akọ ni yóò kù sílẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Bí omi bá ṣe ń kún ni a ó máa gbé ọparun sókè tẹ̀lé e, nítorí pé ọ̀bọ̀kún kì í fẹ́ kó jìn jù. Tó bá sì ti yé ẹyin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọparun náà mọ́ títí ọmọ yóò fi jáde. Àwọn bàbá wa kò ṣìṣe. Omi tó bá kún láyé tiwọn kì í kánjú lọ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fà, ẹyin á sì ti di ọmọ kó tó fà tán.

Tọ́lá nìkan ni ọmọ Festac tó máa ń wá sí etí omi wa. Kíláàsì kan náà la wà. Ìyá rẹ̀ á rán an wá ra ẹja pẹ̀lú abọ́ búlúù kan tí etí rẹ̀ ti kán, yóò sì jókòó tì wá títí oòrùn á fi mú. Onígbàgbọ́ ni wọ́n nílé wọn, wọn kì í sì í fi ìṣọ́ òru ṣeré, síbẹ̀ bàbá mi máa ń sọ pé ọmọ náà mọ omi ju àwa tí wọ́n bí sí i lọ.

Ní ọdún kan, olùkọ́ wa ya ìsédò sójú pátákó, ó ṣàlàyé pé odi ńlá ni wọ́n fi ń dá odò dúró kí omi lè máa yí ẹ̀rọ, kí iná lè máa tàn ní ilé wa. Inú wa dùn. Tọ́lá nawọ́ sókè, ó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹja ńkọ́?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó jókòó, pé ẹja mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù ú lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ọmọkùnrin fi ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́ja.

Ọdún yẹn gan-an ni Bàbá Lásísì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, pe ìpàdé ìdílé. Àwọn kan fẹ́ ra èbúté náà, kí wọ́n da iyanrìn dí i, kí wọ́n kọ́lé sórí rẹ̀. Bàbá mi kò fẹ́. Bàbá Lásísì wá sọ fún wọn lójú gbogbo wa pé, "Ìwọ tó ń ta bẹ́árìn, kí lo fẹ́ fi omi ṣe? Gbogbo ẹja tí ò ń kó níbẹ̀ lọ́dún, ológbò kan á jẹ ẹ́, kò ní yó." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi tí ẹni máa mu kò ní ṣàn kọjá ẹni. Ẹ fún mi ní àsìkò òjò kan péré." Ìdílé gbà fún wọn. Àdéhùn náà ni pé bí ẹja bá lè kárí gbogbo ojúlé ìdílé kí òjò tó dá, èbúté yóò dúró. Bí kò bá kárí, ó di títà.

Òjò kò tí ì le ní Èkó lọ́dún náà tí omi fi ṣàdédé kún. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ná ọjà sọ pé wọ́n ti ṣí ìsédò kan sílẹ̀ lókè, pé omi ti pọ̀ jù fún un. Bàbá mi kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ti dé, ó sì dé wẹ́rẹ́. A gbé ọparun sókè, a tún gbé e sókè, títí ó fi dé ibi tí n kò rí i kó dé rí lára òpó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀bọ̀kún ti kún inú wọn. Bàbá mi ń súfèé nílé, ohun tí wọn kì í ṣe. Iná náà kò lọ rárá lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá mi ṣe omi dídì fún gbogbo àdúgbò, àwọn ará Festac sì ń sọ fún ara wọn pé omi ti kún ní ìsédò, pé ayé ti dẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ti ìsédò pa. Kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́. Nígbà tí èmi, bàbá mi àti Tọ́lá dé etí omi ní Sátidé kejì, gbogbo ọparun wa ló so rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, omi wà nísàlẹ̀ jìnnà sí wọn, oòrùn sì ti mú.

Bàbá mi tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyin inú wọn ti gbẹ bíi tápíókà tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, akọ ṣì wà níbẹ̀, ó ti kú, ó kọjú sẹ́nu ihò. Nínú ọparun kan tó dagun díẹ̀, omi ṣẹ́kù nísàlẹ̀, akọ inú rẹ̀ sì ń mí.

Mo ní, "Òmùgọ̀ ẹja. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nígbà tí omi ń lọ, kò lọ."

Tọ́lá ló dá mi lóhùn, kò sì wo ojú mi. "Ibo ló fẹ́ kó ẹyin gbà?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi abọ́ búlúù rẹ̀ bu omi, ó ń dà á sínú ọparun náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Bàbá mi wò ó títí. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ó tó, ọmọ mi. Ẹyin yẹn ti lọ. Jẹ́ ká gbé bàbá wọn padà sómi." A gbé e padà. Kò lọ. Ó ń yí òpó náà ká, níbi tí ọparun rẹ̀ ti so rọ̀ sókè orí rẹ̀, títí a fi kúrò níbẹ̀.

Bàbá Lásísì wá wo èbúté lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé wọn yóò ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò ṣe é. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé èjìká àbúrò wọn, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti parí. Ọkọ̀ tipá dé lẹ́yìn Iléyá pẹ̀lú iyanrìn. Bàbá mi tún lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí wọ́n pa òwe omi yẹn mọ́. N kò bá iná jà. Abẹ́ iná ni mo ti kàwé di ẹni tí mo dà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ ránpẹ́ kan láti òkè, pé omi ń lọ, ì bá ti tó. À bá ti rú òfin yẹn, ká sọ ọparun kalẹ̀.

Mo fẹ́ Tọ́lá. Festac náà la gbé, nínú ilé tí kò jìnnà sí ibi tí wọ́n bí i sí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, tí mo bá a ní pálọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ tí kò tí ì fọwọ́ kàn, tí mo sì béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀, èsì kan náà ló máa ń fún mi: "Mo ń ṣe òmùgọ̀ ẹja." A ó jọ rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé èsì yẹn lè tán nílé.

Ó ti lé lọ́dún kan tí Tọ́lá ti fi ayé sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ pé kí n kúrò nínú ilé náà, pé ó tóbi jù fún èmi àti ọmọ wa kan ṣoṣo, pé ibi gbogbo níbẹ̀ ló ń rán mi létí rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọmọkùnrin tí mo jẹ́, tó dúró sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà, ì bá ti kó ẹrù rẹ̀, nítorí pé lójú rẹ̀, ilẹ̀kùn tó bá ti ṣí, wọ́n ṣí i kí ènìyàn lè lọ ni. Èmi tún gbé abọ́ búlúù Tọ́lá sórí pẹpẹ kíṣíìnì láàárọ̀ yìí, mo sì se ògì fún ọmọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí, wọ́n béèrè ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Èsì náà dé ẹnu mi. Mo gbé e mì, nítorí pé ẹni kan ṣoṣo tí ì bá yé kò sí níbẹ̀ láti rẹ́rìn-ín.