Bàtà Ìyá Mi ní Jerúsálẹ́mù

Ó ti pẹ́ tí Jerúsálẹ́mù ti wà lọ́kàn ìyá mi. Orúnkún rẹ̀ ni kò gbà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n lọ, ó gbé bàtà awọ tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́ nílé wa ní Jahi.

"Wọ̀ ọ́ rìn níbẹ̀ fún mi. Ibi tó bá dé, mo ti dé ibẹ̀."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó wá kí wa láti Bwari, fèsì: "Kó dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wọn náà o. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní dá lọ."

Inú ilé kan náà ni wọ́n ti dàgbà ní Kogi. Ìyá mi tẹ̀lé ìyá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé bàbá wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mi ò rí i kí wọ́n bá ara wọn jà nítorí ẹ̀sìn rí.

Àmọ́ bàtà náà kéré fún mi, gìgísẹ̀ mi yọ sẹ́yìn. Kánfáàsì funfun ni àwọn tí a jọ lọ ń wọ̀ ya fọ́tò. Ojú tì mí, mo fi bàtà ìyá mi sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rin àwọn ọ̀nà olókùúta tóóró yẹn láìwọ̀ ọ́. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, wọ́n ń pe ìrun, àwọn Júù fi iwájú orí ti ògiri wọn, wọ́n ń gbàdúrà. Inú mi dùn, mi ò níí purọ́.

Irọ́ tí mo máa pa ń bọ̀ lọ́nà. Ìyá mi pè mí lórí fídíò: "Jẹ́ kí n rí bàtà mi lẹ́sẹ̀ ẹ." Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù. Ní Jerúsálẹ́mù o! Mi ò sùn dáadáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa padà, mo wọ bàtà náà, mo tún gbogbo ọ̀nà náà rìn. Gìgísẹ̀ mi bó. Ní ẹnubodè mọ́ṣáláṣí, ọlọ́pàá ní àsìkò àlejò kò tíì tó. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù; mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n kàn tẹ òkúta iwájú rẹ̀ yẹn. Ó wo bàtà, ó wo ojú mi, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì sunkún.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi yí ìdí bàtà náà wò, ó fọwọ́ kan eruku rẹ̀. Ó wo gìgísẹ̀ mi.

"Nẹ́tíwọ̀kì ti wá dáa nìyẹn," ó ní.

Ó mú ẹsẹ̀ òsì bàtà náà fún àbúrò rẹ̀, tó ti wá dúró dè mí. "Yauwa!" ni ìyẹn fi ayọ̀ ké. "Kò sẹ́ni tó máa dá wọ̀ ọ́." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Àárò ẹ̀rín yẹn ń sọ mí gan-an.

Ìyá mi ti lọ sọ́run báyìí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàtà náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí àbúrò rẹ̀ ní kí n gbé e wá sí Bwari, òun fẹ́ rí wọn pọ̀. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítòsí ẹní ìkírun rẹ̀.

Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, mi ò gbé tèmi mọ́.