Ọdẹ Ọ̀gá Kò Gbọdọ̀ Kú

Ìwé eré náà ní ojú ewé kan tó ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń kú. Bí agbára rẹ bá ti tán, o ti kú, ó parí. Kò síbi tí wọ́n ti kọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó sí iwájú rẹ, tó ń jẹ ẹ̀pà.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ló fi eré náà ránṣẹ́ sí mi: ìwé, àti àwọn dáìsì bíi ti lúdò, àmọ́ òmíràn lójú mẹ́jọ, òmíràn lójú ogún. Eré ìtàn ni. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á dá ènìyàn inú ìtàn sílẹ̀, ọdẹ tàbí jagunjagun, wọn á kọ agbára rẹ̀ sórí ìwé, wọn á sì máa sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Dáìsì ni yóò sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Èmi ni mò ń sọ ìtàn, nítorí náà èmi ló máa ń sọ pé ẹnì kan kú.

Pírínsípà wa rí dáìsì, ó ní tẹ́tẹ́ ni, ó lé wa kúrò ní yàrá àwọn tíṣà. Ọ̀gá ló gbà wá sílé. Hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló kọ́ mi ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ka ìwé eré náà láti páálí dé páálí, ó ní òun ò rí tẹ́tẹ́ níbẹ̀, ó sì ní ká máa wá sí pálọ̀ òun ní ọ̀sán Sátidé. Ó ní òun náà á ṣe. Ọdẹ ni tirẹ̀. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: Ọ̀gá, èmi, akọ̀wé káńsù kan tó máa ń gun ọ̀kadà wá láti Èmùré, àti tíṣà Bíbélì kan láti Ìsẹ̀ tí à ń pè ní Ìyá Ìbejì.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ kàgbákò. Jagunjagun rẹ̀ já sí kòtò, mo wo dáìsì, mo ní, "O ti kú."

Ó fò dìde. "Mo kọ̀ ọ́! Lórúkọ Jésù!" Ó yí ọwọ́ po orí, ó ta ìka sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá Ìbejì dá orin sílẹ̀. Àdúrà la fi parí ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ kòtò náà.

Mo lọ ro ó. Mo ní àṣìṣe mi ni pé mo sọ pé "o". Ẹni inú ìtàn kọ́ ni ẹni tó jókòó. Ẹni tó jókòó ló dá a sílẹ̀, òun ló sì ni ín. Nítorí náà, nígbà tí ẹranko kan pa ènìyàn Ìyá Ìbejì, mo fara balẹ̀, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọmọ yín ti kú."

Ó wò mí. Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ wá ọkọ̀ Ìsẹ̀ kó lè lọ fojú ara rẹ̀ rí àwọn ọmọ rẹ̀. Títí di òní, mi ò rí ibi tí ìṣirò mi ti wọ́. Àmọ́ mi ò jẹ́ sọ ọ́ mọ́.

Ọ̀gá ló yanjú ẹ̀. Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé ní abà kòkó bàbá òun, tí àgbàlagbà kan bá kú tí àwọn ọmọdé ń béèrè rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wọn ni pé ó ti re oko. Ọmọdé á ní ó dáa, á lọ ṣeré. A fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá kú nínú eré wa, màá ní, "Ó ti re oko," a ó ká ìwé rẹ̀, a ó tì í sábẹ́ agolo bisikíìtì, ẹni tó ni ín á sì dá òmíràn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún gbàdúrà. Ìtàn wa wá ń lọ geere.

Ọdẹ Ọ̀gá nìkan ni kò tíì re oko nígbà tí ara Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò yá mọ́. Ó ń rù. Dókítà kan ní Adó sọ pé wọ́n máa la inú rẹ̀. Màmá, ìyàwó rẹ̀, pè mí sẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Tíṣà," ó ní, "ọdẹ un, má jẹ́ ó re oko. Jẹ́ kí baba e lọ ṣe uṣẹ́ abẹ e, kó padà wá ulé. Mè é fẹ́ gbọ́ ukú nínú ulé mi."

Ta ni yóò bá Màmá jiyàn nínú ilé rẹ̀? Mo ní ó dáa. Mo ya páálí kan, mo gbé e dúró síwájú mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń ju dáìsì. Ọfà bá ọdẹ lọ́rùn, ó dìde. Òkúta yí lù ú láti orí òkè tí gbogbo wa mọ̀ pé Olóṣùnta, òkè Ìkẹ́rẹ́, ni, ó gbọn eruku nù. Akọ̀wé mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ìyá Ìbejì náà mọ̀, ó kàn ń fọ́ ẹ̀pà rẹ̀ ni.

Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí Ọ̀gá máa lọ Adó, ẹranko ńlá kan lé wa dé ẹnu ihò kan. Ọ̀gá ní kí àwọn yòókù máa sá lọ, ọdẹ òun á dúró dè é. Mo ju dáìsì lẹ́yìn páálí. Mo ní ẹranko náà tàsé.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ló dé tí èmi kì í kú?"

"Orí yín ló ń ṣiṣẹ́, sà."

"Gbé páálí yẹn kúrò." Mi ò tètè gbé e. Ó ní, "Akọ̀wé ń kú. Ìyá Ìbejì ń kú. Èmi nìkan lẹ̀ ń ṣọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti kà mọ́ òkú ni wọ́n máa ń ṣe báyìí fún. Mo ṣì wà láàyè. Ẹ jù ú fún mi bí ẹ ṣe ń jù ú fún ara yín."

Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Mo gbé páálí kúrò. Mo ju dáìsì olójú ogún sórí tábìlì níbi tí gbogbo wa ti lè rí i. Ó yí títí ó fi kan agolo bisikíìtì, ó sì dúró. Kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i.

"Ó ti re..."

"Rárá," Ọ̀gá ní. "Ọmọdé ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún."

"Ó ti kú, sà."

Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé gúgúrú lọ́wọ́. "Ta ló kú?"

Akọ̀wé ti gbé ọwọ́ dé orí. Ọ̀gá wò ó, ọwọ́ náà sì sọ̀kalẹ̀. "Ọdẹ mi ni," ó ní. "Ó dúró de ẹranko náà kí àwọn yòókù lè sá lọ, gbogbo wọn ló yè."

Mo rò pé Màmá á lé wa jáde. Ó gbé gúgúrú kalẹ̀, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ojú. Ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú wa, ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí. Lẹ́yìn náà ó ní ká fún òun ní ìwé tuntun. Ọmọbìnrin kékeré kan ló dá sílẹ̀, tí kò tíì di ọ̀kọ̀ mú rí. Màmá ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀gá ní kí ọmọ náà dúró de òun.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n la inú Ọ̀gá, mo wà ní Ìjàn lọ́dọ̀ àwọn òbí mi, Sátidé ni mo tó padà. Mo bá àwọn ènìyàn lórí bẹ́ńṣì níwájú ilé Ọ̀gá. Ìyá àgbàlagbà kan fà mí lọ́wọ́, ó ní kí n mú ọkàn le, pé Ọ̀gá rìnrìn àjò díẹ̀.

Màmá jáde sí wa. "Má sọ yẹn fún un," ó ní. Ó yíjú sí mi. "Tíṣà, ọkọ mi ti kú."

Mi ò yí ọwọ́ po orí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, nígbà tí mo sì dìde, omi ń dà lójú mi.

"Ọmọ kékeré un ń kọ́?" ó bi mí.

"Ó wà lọ́dọ̀ mi, mà."

"Ṣé ó lè kú?"

"Ó lè kú, mà."

Ó mi orí. "Bí a bá ti sìnkú tán," ó ní, "èmi ni n ó jókòó sáyè baba e. Má gbé páálí kankan síwájú mi."