Mo tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ lékeléke

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ọjọ́ kẹta rèé tí Dàpọ̀, àkọ́bí mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kádúná, ò tíì pè mí.

Láàárọ̀ yìí, lékeléke ọdún yìí fò kọjá lórí ilé wa ní Ìjagun. Kí n tó mọ̀, mo ti na ìka sókè, mò ń tọrọ èékánná funfun bí ọmọdé.

Ìyá Sùkúrà, aládùúgbò mi, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Dàpọ̀! Tẹ̀yin tewú orí yín?"

Mo ní, "Dàpọ̀ ni mò ń bá tọrọ."

"Dàpọ̀ tó ti nírùngbọ̀n!"

Ẹ̀yin ìyá, ṣé èmi nìkan ni?

Dàpọ̀, jọ̀ọ́, ya àwòrán èékánná rẹ ránṣẹ́ kíákíá. Kó funfun, kó má funfun, mo ṣáà fẹ́ rí ọwọ́ ọmọ mi.