Àlàfo Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀dá Làmídì

Ó ti sú mi! Gbogbo ẹni tó bá ti pàdé mi lọ́nà: "Ganíyù, ṣé òótọ́ ni pé o dọ̀bálẹ̀ ní gbàgede Lèmọ́mù?" Òótọ́ ni. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣé ó tán? Ẹlòmíì tó ń béèrè gan-an wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti taìpù yìí. Èmi ni mo kọ́ ara mi, ìka méjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá mọ gírámà kó fi gírámà ẹ̀ sápò. Ẹ jẹ́ kí n rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kẹ́ ẹ lè jẹ́ kí n sinmi.

Ẹ mọ Bọ̀dá Làmídì. Ẹni tí ò bá mọ̀ wọ́n, aṣọ òfì tí wọ́n hun á ti kàn án lára rí. Abẹ́ igi dóńgóyárò kan náà la ti jọ ń hunṣọ ní agboolé wa n'Ísẹ́yìn níbí, òfì tèmi ló tẹ̀lé tiwọn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tí òwú mi máa ń já ṣáá bí ẹni pé wọ́n fi mí bú, Bọ̀dá Làmídì á na ọwọ́ wá láì tiẹ̀ wo ibẹ̀, wọ́n á bá mi so ó, wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lọ.

Ẹ sì mọ Bọ̀dá Sàlámì. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ọmọ Ìráwọ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ Bọ̀dá Làmídì. Yàrá kan, àwo kan, kẹ̀kẹ́ kan. Àwọn méjèèjì ò níyàwó. Nígbà tí màmá Bọ̀dá Làmídì wà láyé, "ọmọ mi ará Ìráwọ̀" ni wọ́n ń pe Bọ̀dá Sàlámì. Nígbà tí ẹsẹ̀ màmá ò gbéra mọ́, ta ló ń pọ̀n wọ́n lọ sẹ́yìnkùlé láràárọ̀? Ọmọ tí wọ́n bí? Rárá o. Bọ̀dá Sàlámì ni. Títí màmá fi kú.

Ta ni ò mọ̀ ládùúgbò? Ta ló wá béèrè? Kò sẹ́ni tó béèrè. Èèyàn á ní "Làmídì àti ọ̀rẹ́ ẹ̀", ọ̀rọ̀ bùṣe. Nígbà yẹn, mo gbà pé ìwà ojo ni àìbéèrè yẹn. Mo ti wá ń rò ó wò báyìí.

Ààwẹ̀ tó kọjá ni wàhálà dé. Oníwàásí kan wá láti ìlú míì, ó gbé gbohùngbohùn ka orí mọ́tò, ọjọ́ méjì gbáko ló fi sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn Ànábì Lúùtù, àwọn tí Bíbélì ń pè ní ará Sódómù. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní wọ́n wà láàrin wa, pé a sì ń bá wọn to éjìká nínú ìrun. Ó ṣínu, ó jẹun yó, ó wọ mọ́tò ẹ̀, ó lọ. Àwa la kù síbẹ̀.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, àlàfo yọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Tí a bá fẹ́ kírun, ìlà tí a ń tò là ń pè ní sàfù. Éjìká gbọ́dọ̀ kan éjìká, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ẹsẹ̀. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé tí a bá fi àlàfo sílẹ̀, Ṣàìtánì ló máa wá dúró síbẹ̀. Kí Lèmọ́mù tó gbé ìrun dúró, wọ́n á yíjú sí wa: "Ẹ to sàfù yín kó gún. Ẹ dí àlàfo." Kí wọ́n tó bí mi ni Lèmọ́mù ti ń sọ ọ́.

Ìta mọ́sáláṣí ni sàfù tiwa máa ń wà, lórí ẹní, torí inú kì í gbà wá. Bọ̀dá Sàlámì ló máa ń wà ní ìpẹ̀kun lápá ọ̀tún, lẹ́bàá ògiri. Bọ̀dá Làmídì ló tẹ̀lé wọn. Mùfú ló tẹ̀ lé Bọ̀dá Làmídì, Mùfú tí a jọ ń hunṣọ. Èmi ni mo tẹ̀lé Mùfú.

Jímọ̀ àkọ́kọ́, àlàfo tó wà láàrin Mùfú àti Bọ̀dá Làmídì ò ju àtẹ́lẹsẹ̀ kan lọ. Mo ní èèṣì ni. Jímọ̀ kejì, odidi èèyàn kan lè dúró níbẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ o, èmi Ganíyù, mi ò sọ̀rọ̀!

Jímọ̀ kẹta ló wá di yẹ̀yẹ́. Lèmọ́mù ní ká dí àlàfo. Bọ̀dá Làmídì sún mọ́ Mùfú bí òfin ṣe wí. Mùfú sún lù mí. Bọ̀dá Làmídì tún sún. Mùfú tún tì mí. Bọ̀dá Sàlámì náà ń sún tẹ̀lé wọn. Ṣé ẹ ti rí sàfù tó ń rìn rí? Gbogbo wa ń fi ẹ̀gbẹ́ lọ sápá òsì bí akàn! Bàbá Rísí tó wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún bọ́ kúrò lórí ẹní, wọ́n bọ́ sórí yanrìn gbígbóná, ó ku díẹ̀ kí wọ́n kàn kànga.

Bàbá Rísí fi igbe ta: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, iwájú ni Mẹ́kà wà o! Kò sí nínú kànga!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ni mo bá wo Bọ̀dá Làmídì. Wọ́n ti dúró, wọn ò sún mọ́. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń wò, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ọ̀hún ló ṣẹ̀ wọ́n.

Mi ò mọ ohun tí mo kà nínú ìrun yẹn, Ọlọ́run á forí jì mí. Bí a ṣe sálámà parí ìrun báyìí, mo ti dìde. Ẹ mọ ìbínú mi, kì í dúró wọ bàtà.

Mo pariwo. Mo ní Lèmọ́mù, ẹ̀yin lẹ ní ká dí àlàfo! Mo ní àwọn sọ́jà tó gba ìjọba ń fi kòbókò tò wá sórí ìlà ní gáréèjì, a sì ń tò, iwájú Ọlọ́run la ò wá lè tò sí? Ṣé Ṣàìtánì tẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ fún yìí ló sàn ju Bọ̀dá Làmídì lọ?

Mùfú ní: "Ta ló gbà ọ́ ní lọ́yà? Ṣé ìwọ nìyàwó kejì ni?"

Àwọn kan tún rẹ́rìn-ín. Háà! Orí mi gbóná. Mo ní: "Ìwọ Mùfú! Ta ló hun aṣọ tí o fi gbéyàwó? Ẹní tí o forí kàn yìí, ta ló ń fọ̀ ọ́ tààwẹ̀-tààwẹ̀? Ọdún kọkànlá rèé tí àwọn méjèèjì ti ń gbé bíi tọkọtaya, gbogbo yín lẹ mọ̀, kí ló wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?"

Bíi tọkọtaya. Ẹnu mi ló ti jáde, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnu èmi tí mò ń gbèjà.

Bọ̀dá Làmídì wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n mú bàtà wọn, wọ́n lọ. Bọ̀dá Sàlámì tẹ̀lé wọn láìwọ bàtà, bàtà tiwọn tiẹ̀ wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan bàtà náà. Èmi ni mo gbé e lọ sílé fún wọn. Ẹnu ọ̀nà ni mo gbé e sí, mi ò lè wọlé.

Ọjọ́ kejì, Lèmọ́mù ránṣẹ́ pe gbogbo wa sí gbàgede wọn lẹ́yìn ìrun alásàrí. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀ títí. Bàbá kan ní kí Sàlámì padà sí Ìráwọ̀. Òmíràn ní kí Làmídì fẹ́yàwó kí ọdún tó yí po, tí kò bá fẹ́ ẹ, kó má wá sí mọ́sáláṣí mọ́. Bọ̀dá Làmídì àti Bọ̀dá Sàlámì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ òjò lórí páànù.

Lèmọ́mù ò dá wọn lẹ́nu. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀ ni wọ́n béèrè pé, "Ẹ ti sọ tán? Ó dáa. Ta ló rí wọn?"

Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Lèmọ́mù tún ní:

"Kùránì ní ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Mẹ́rin tó fojú ara wọn rí i. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀sùn báyìí kan èèyàn tí kò ní wọn, òun gan-an ni ẹgba ọgọ́rin tọ́ sí. Mo ní ta ló rí wọn?"

Mùfú ní, "Lèmọ́mù, a ṣáà mọ̀."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí o mọ̀."

Inú mi ti ń dùn! Mo ní Lèmọ́mù ti mú wọn. Àfi bí wọ́n ṣe yíjú sí mi. Wọ́n ní ẹ̀yin yòókù, ẹsẹ̀ lẹ fi sọ tiyín. Ganíyù nìkan ló fẹnu sọ ọ́.

"Ganíyù, kí lo rí?"

Ẹ wo ayé! Èmi tí mo wá gbèjà ni mo di ẹni tó fẹ̀sùn kàn wọ́n.

Ṣé mi ò rí nǹkan kan ni? Mo rí ẹni tó ń pọ̀n ìyá ẹlòmíì. Mo rí ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá síbi òfì, tí á dúró títí ẹnìkejì ẹ̀ á fi jẹ ẹ́ tán, kó má baà gbàgbé oúnjẹ torí iṣẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ bi wọ́n pé tó bá tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Èwo nínú wa ni wọ́n ṣẹ̀? Ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi.

Lèmọ́mù ń wò mí, wọn ò ṣẹ́jú. Ó wá yé mi. Tí mo bá sọ òótọ́, ọ̀nà Ìráwọ̀ ti là nìyẹn. Tí mo bá ní irọ́ ni mo pa, wọ́n á máa gbé ilé wọn.

Ni mo bá dọ̀bálẹ̀. Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Mo ní ìbínú ló sọ̀rọ̀. Mo ní irọ́ ni mo pa, kí Bọ̀dá Làmídì àti Bọ̀dá Sàlámì dárí jì mí. Iyẹ̀pẹ̀ wọ̀ mí lẹ́nu.

Lèmọ́mù ní àwọn ò ní nà mí. Wọ́n ní ìyà mi ni pé láti òní lọ, apá òsì Làmídì ni kí n máa dúró sí nínú ìrun, títí àwọn á fi ní ó tó. Wọ́n ní ẹni tó bá tún fi àlàfo sílẹ̀ ní sàfù yẹn, kó mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá bá àwọn nílé. Ẹ rí i? Àgbà ni bàbá yẹn! Inú òfin náà ni wọ́n gbé wọn pamọ́ sí.

Èmi ṣáà ti lérò pé ó parí síbẹ̀. Mo lọ bẹ Bọ̀dá Làmídì nídìí òfì. Wọn ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n ní:

"Ganí, ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó fún un lórúkọ, a sì ń gbé inú ẹ̀. O wá fún un lórúkọ. O tún wá pè é ní irọ́. Èwo ni ká máa gbé inú ẹ̀ báyìí?"

Bọ̀dá Sàlámì wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Fi ọmọ náà sílẹ̀, Làmídì. Tiwa ló ń ṣe."

Ìdáríjì yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Bọ̀dá Sàlámì di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní àwọn ń lọ bá àwọn àbúrò àwọn wa iṣu tuntun n'Íráwọ̀. Àmọ́ kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́, wọ́n sọ fún mi jẹ́ẹ́ pé ó ṣòro fún àwọn láti máa forí kanlẹ̀ níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn ò sí kí wọ́n tó gba àwọn láyè. Wọ́n ti wa iṣu, a ti jẹ ẹ́, ó ti ń tán lọ. Wọn ò tíì dé.

Mo rò ó fún ọ̀rẹ́ mi Sámúẹ́lì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ọmọ ìjọ ni. Mo rò pé á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé tàwọn sàn jù. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní akọrin kan wà nínú ìjọ àwọn, ohùn ẹ̀ dùn gan-an, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́ nípa ẹ̀. Wọn ò lé e. Wọ́n kàn gba ìwé orin lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ṣì ń wá lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, kì í lanu. Sámúẹ́lì ní: "Tiyín, àlàfo. Tiwa, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn."

Jímọ̀ tó kọjá, mo wà ní àyè mi. Éjìká mi kan ti Bọ̀dá Làmídì, ti Mùfú kan tèmi, kò sẹ́ni tó jẹ́ sún. Sàfù gún régé! Àfi lápá ọ̀tún Bọ̀dá Làmídì, lẹ́bàá ògiri. Lèmọ́mù yíjú sí wa, wọ́n ní, "Ẹ dí àlàfo." Bọ̀dá Làmídì ò sún. Àwa náà ò sún. Lèmọ́mù wo ibẹ̀ díẹ̀, wọ́n yíjú padà, wọ́n gbé ìrun dúró.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo wá kọ́? Mo ti kọ́ pé èèyàn lè fi ariwo gba ẹnìkan là kó sì fi ariwo kan náà ba ilé ẹ̀ jẹ́. Mo sì kọ́ pé àwọn tó fi ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ rárá. Ìyẹn ṣì ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò lè pariwo mọ́.

Ẹ̀yìn ìwé yìí ṣófo. Tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, ní mọ́sáláṣí o, ní ṣọ́ọ̀ṣì o, nídìí òrìṣà o, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e padà fún mi. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ kàn dá mi lóhùn ẹyọ kan yìí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Mùfú ń tì lọ sápá òsì lọ́jọ́ yẹn, tẹ́ ẹ wo ojú Bọ̀dá Làmídì bí mo ṣe wò ó, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?