Ìyálé Tó Wá Bá Mi Ní Lábù Kétu

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí. Ojú mi yìí ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni, oòrùn ń ta lórí páànù lábù wa, ilé àyẹ̀wò àìsàn, ní Kétu.

Kòkòrò tó ń gbé inú ikùn èèyàn ni mò ń yẹ̀ wò. Gbogbo wọn kọ́ ló burú o. Èyí tó bá jogún àbùdá ìkà ló ń dá egbò síni níkùn. A máa ń fi èyí tí a ti mọ̀ pé ó burú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kí ẹ̀rọ lè fi wọ́n wéra.

Èyí tí a mọ̀ yẹn, ikùn obìnrin àgbẹ̀ kan ní Idigny la ti mú un. Egbò pa obìnrin náà, àmọ́ kòkòrò rẹ̀ ṣì wà nínú firísà wa.

Lọ́jọ́ yẹn ni ìyàwó tí ọkọ olóògbé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dé, ó rẹwà bí egbin, ó di inú mú.

"Tàtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa."

Mo kàn mi orí ni. Ọkọ tèmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú ẹ̀ wọlé. Owú! Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, ó ń ta mí bí ata.

Mi ò ronú rárá. Mo to kòkòrò tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ẹ̀rọ, ìyálé àti ìyàwó.

Bí mo ṣe yíjú, obìnrin kan dúró lẹ́yìn mi. Mo ti ti ilẹ̀kùn o, ẹ gbà mí gbọ́.

"Ìwọ náà ní orogún," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ti gba ọkọ mi, ó ti gba yàrá mi. Tí èsì bá jáde, má sọ fún un. Jẹ́ kó kú ikú tí mo kú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó kù díẹ̀ kí n gbà! Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù ju òkú náà lọ.

"Rárá o, Ìyá," mo dá a lóhùn. "Màá sọ fún un."

Ó wò mí tìkàtẹ̀gbin. "Ó dáa. Èmi àti ìwọ la ó jọ máa jẹun nínú àwo kan náà." N kò rí i mọ́.

Èsì jáde, kò dáa. Mo sọ fún ìyàwó náà, ó lo oògùn, ara rẹ̀ ti yá.

Èmi ni oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ikùn ń ta mí ṣáá. Mo ti yẹ tèmi náà wò, èsì ti wà nínú ẹ̀rọ láti àná, mi ò lè lọ wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jowú, ẹ fi owú yín sílé kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́. Òkú mọ ẹni tó jọ ọ́.